Ara Ilé Ni Gìtá Oníná

Iṣẹ́ tí a gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n bá àwa ọmọ Yorùbá tí a fi Port Harcourt ṣe ilé, àti àwọn onílùú tó gbà wá mọ́ra, sọ̀rọ̀ lórí àwọn àwo orin rọ́ọ̀kì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, pàápàá ẹ̀ka rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní alternative, ìyẹn rọ́ọ̀kì àwọn tí kò jẹ́ kí ọjà jọba lórí orin wọn. Mo gba iṣẹ́ náà tayọ̀tayọ̀, nítorí láàárín ọdún 2024 sí 2025 nìkan, ọmọ wa tàbí ọmọ aládùúgbò wa ló wà nídìí àwọn àwo kan tó yẹ kí gbogbo wa gbọ́. Túndé Adébímpé gbé Thee Black Boltz jáde ní oṣù Kẹrin 2025. Obongjayar, ọmọ Calabar, tẹ̀ lé e ní oṣù Karùn-ún pẹ̀lú Paradise Now. Burna Boy, tí wọ́n bí sí ìlú yìí gan-an ní 1991, gbé No Sign of Weakness jáde ní oṣù Keje, ó sì pe Mick Jagger ti ẹgbẹ́ Rolling Stones wá bá a kọ orin kan nínú rẹ̀. Ní ọdún tó ṣáájú, Mdou Moctar, olórin Tuareg láti ilẹ̀ Niger, ti gbé Funeral for Justice jáde. Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: àwọn àwo wọ̀nyí kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ilé tí a wà lára àwọn tó kọ́ ọ ni wọ́n ń wọ̀, ó sì yẹ kí a fi etí onílé gbọ́ wọn, kí a yìn wọ́n níbi tí ìyìn bá tọ́, kí a sì bá wọn wí níbi tí wọ́n bá ti kùnà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún jùjú àti highlife.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ máa ń jáde lẹ́nu ẹni tí kò bá gbà ni pé orin òyìnbó ni rọ́ọ̀kì. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọjọ́ orí wọn wò. Ní nǹkan bí ọdún 1949 ni Àyìndé Bákàrè, àgbà olórin jùjú l'Ékòó, so gìtá rẹ̀ mọ́ iná. Nígbà náà, Elvis Presley kò tíì gbé àwo kankan jáde. Ọdún 1954 ni tirẹ̀ àkọ́kọ́ dé. Iná yìí ló jẹ́ kí gìtá lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gángan láì jẹ́ kí ohùn ìlù bò ó mọ́lẹ̀, òun náà ló sì fún àwọn olórin jùjú láyè láti kó onílù púpọ̀ sẹ́yìn. Bí a bá sì wo òdìkejì òkun, àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló bí rọ́ọ̀kì. Sister Rosetta Tharpe ti ń ta gìtá oníná sí orin ìyìn Ọlọ́run tipẹ́ kí Chuck Berry tó gbé "Maybellene" jáde ní 1955. Gìtá fúnra rẹ̀, ojú omi ló gbà dé etíkun wa, lọ́wọ́ àwọn atukọ̀ Kru láti Liberia, tí wọ́n ń ta á láti èbúté dé èbúté ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Èbúté ló sì sọ ibi tí a jókòó sí yìí di ìlú: ọdún 1913 ni wọ́n fún un lórúkọ tó ń jẹ́, nítorí èédú Enugu ń wá ọ̀nà tí yóò gbà dé òkun. Ní irú ìlú báyìí, kò yani lẹ́nu pé Cardinal Rex Lawson, ọmọ Buguma ní ilẹ̀ Kalabari, rí àyè da fèrè, gìtá àti èdè oríṣiríṣi pọ̀ nínú highlife rẹ̀ títí ikú fi pa á lójú ọ̀nà ní oṣù Kìíní 1971. Nítorí náà, ẹni tó bá ní gìtá oníná jẹ́ àjèjì ní Èkó tàbí ní Port Harcourt ń sọ ohun tí ọjọ́ orí gìtá náà kò gbè.

Ogun abẹ́lé ló wá sọ gìtá yìí di rọ́ọ̀kì gan-an ní apá ibí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ogun náà gbẹgẹ́ níhìn-ín. Oṣù Karùn-ún 1968 ni ìlú yìí bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀, lábẹ́ Benjamin Adékúnlé tó jẹ́ ọmọ wa, bẹ́ẹ̀ ojú tí àwọn ará Rivers, àwọn Igbo àti àwa Yorùbá fi ń wo ohun tó ṣẹlẹ̀ kò rí bákan náà títí di òní. N kò wá dá ẹjọ́ náà. Ohun tí orin ìgbà náà fi hàn nìkan ni mo fẹ́ mú. Àwọn ọmọ ogun nílò orin, àwọn ọ̀dọ́ tó mọ gìtá sì rí ibi fi ara pamọ́ sí nínú ẹgbẹ́ olórin ológun. Ẹgbẹ́ Wings, tí okìkí wọn kàn ní gbogbo Ìlà-Oòrùn lẹ́yìn ogun, inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfúrufú Biafra ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìbọn dákẹ́ ní oṣù Kìíní 1970, owó kò sí, ilé ti wó, ṣùgbọ́n àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyí ṣì wà papọ̀ pẹ̀lú irinṣẹ́ wọn. Ẹgbẹ́ highlife ńlá ń fẹ́ ènìyàn mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo wọn ló sì máa jẹun. Ọ̀dọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ní gìtá, dùùrù oníná àti ìlù lè dá ijó alẹ́ sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì kan kí wọ́n sì pín owó tó kù. Èyí jẹ́ ìdí kan. Ìdí kejì wà nínú ohùn fúnra rẹ̀. Gìtá tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ há lóhùn, tó ń ké, tó ń gbó, lè gbé ìbínú àti ìbànújẹ́ tí highlife aládùn kò fi bẹ́ẹ̀ láyè fún. Ẹ gbọ́ The Funkees, tí wọ́n dìde ní Aba, ìlú tí ọkọ̀ ń gbà dé ibí láàárín wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Nínú "Akula Owu Onyeara", èdè Igbo ni wọ́n fi kọrin, ìlù ìbílẹ̀ wà nísàlẹ̀, gìtá ń dá wọn lóhùn lókè. Wọ́n kó lọ sí London ní 1973, wọ́n sì gbé Point of No Return jáde ní 1974 àti Now I'm a Man ní 1976. Jake Sollo, onígìtá wọn, padà di ọ̀kan lára àwọn tó mọ̀ ọ́n gbé àwo kalẹ̀ jù lọ ní Nàìjíríà. Spud Nathan, olórí Wings, kò pẹ́ láyé bẹ́ẹ̀: jàǹbá ọkọ̀ pa á ní 1974, nígbà tí ìràwọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn.

L'Ékòó náà, ọwọ́ kò dilẹ̀. Berkely Jones, Láolú Akins àti Mike Odùmósù fi lẹ́tà orúkọ wọn ṣe BLO, wọ́n sì gbé Chapter One jáde ní 1973. Joni Haastrup àti ẹgbẹ́ MonoMono ti ṣáájú wọn ní 1972 pẹ̀lú Give the Beggar a Chance. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ St Gregory's College ní Òbáléńdé dá Ofege sílẹ̀, EMI sì gbé Try and Love jáde fún wọn ní 1973 lábẹ́ àbójútó Odion Iruoje, nígbà tí wọ́n ṣì ń wọ aṣọ ilé ìwé. Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá bá Fẹlá ṣeré, ó dá ẹgbẹ́ Salt sílẹ̀, ó sì kó àwọn ìbejì olórin, Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu, lọ sí Munich ní ọdún ìdíje Òlíńpíìkì 1972. Ní 1973 ni Paul McCartney wá gba Band on the Run sílẹ̀ ní sítúdíò EMI ní Àpápá. Fẹlá fẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin aláwọ̀ dúdú, McCartney sì ní láti gbé orin rẹ̀ kalẹ̀ kí Fẹlá gbọ́ kí ọ̀rọ̀ tó tán. Ẹ̀sùn náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣe pàtàkì. Ní ọdún náà, àwọn ará Èkó gbà pé ọ̀dọ̀ àwọn ni ohun tó yẹ ní jíjí wà.

Ẹni tó mọ ìtàn yìí dáadáa lè dá mi dúró níbí kó ní àfarawé ni gbogbo rẹ̀: pé àwọn ọmọ wọ̀nyí ń sín Santana, James Brown àti Jimi Hendrix jẹ, pé a kò lè fi ẹ̀dà ṣe ẹ̀rí. Òótọ́ wà níbẹ̀, n kò sì ní sá fún un. Púpọ̀ nínú àwọn orin ìgbà náà jẹ́ orin ìfẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní ìjìnlẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ ń yí ahọ́n bí ará Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀yà orin wa kan tí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́nà yẹn. Highlife gba fèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ olórin ṣọ́jà, jùjú gba orin ìjọ mọ́ra, King Sunny Adé sì fi gìtá olókùn irin tí àwọn olórin oko Amẹ́ríkà ń lò, tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń ta fún un, ṣe ẹwà jùjú tí gbogbo ayé fi gbọ́ ọ ní 1982. Ohun tí a fi ń mọ̀ pé ẹ̀yà orin kan ti di tiwa ni kí a wo ohun tí àwọn ènìyàn fi ṣe lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n gbà á. Ọdún mẹ́ta péré ló wà láàárín òpin ogun àti Chapter One. Láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, àfarawé ti di ohùn tí ẹnikẹ́ni kò lè gbọ́ kó pè é ní ti California. Ẹ fetí sí bí ìlù Láolú Akins ṣe ń lọ: ọwọ́ rẹ̀ kì í tẹ orí kíkà mọ́lẹ̀ bí onílù rọ́ọ̀kì òyìnbó, ó máa ń fi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀sì sílẹ̀ kí ara olùgbọ́ fúnra rẹ̀ parí ìró náà.

Bí ó bá jẹ́ tiwa, kí ló dé tó kú? Ìbéèrè yìí ló le jù, òun náà sì ni wọ́n fi máa ń pa ẹnu onírọ́ọ̀kì mọ́. Àwọn kan ní àwọn ènìyàn kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nítorí kò bá ẹ̀jẹ̀ wọn mu. Èmi rí i pé ohun tó gbé e ró ni wọ́n yọ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Rọ́ọ̀kì nílò gìtá, ẹ̀rọ agbóhùnsókè, iná tí kì í ṣẹ́jú, sítúdíò àti ilé ijó alẹ́. Dísíkò dé ní ìparí àwọn ọdún 1970, ẹnì kan ṣoṣo tó ń ti àwo bọ ẹ̀rọ sì lè gba iṣẹ́ ènìyàn márùn-ún. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé 1986, gìtá kan ṣoṣo láti òkè òkun kọjá agbára ọ̀dọ́. Àìsí ààbò lálẹ́ sọ ijó òru di ewu, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tẹ àwo sì kógbá wọlé. Kò sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù ni pé gìtá oníná kò kú rárá. Ṣọ́ọ̀ṣì ló kó lọ. Ní ìlú yìí, bí ó ti rí ní Ìbàdàn àti Ìlọrin, inú ìjọ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń kọ́ gìtá bẹ́ẹ̀sì àti ìlù jáàsì, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ wà, ibẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ wà, ibẹ̀ ni olùgbọ́ wà. Ẹ tẹ́tí sí àkókò ìyìn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí onígìtá bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó ń há ohùn, kí ẹ wá sọ fún mi pé àwọn ènìyàn wa kò fẹ́ rọ́ọ̀kì.

Bí ilé ṣe ń dákẹ́ níhìn-ín, ohun tó jáde látinú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn. David Byrne àti Brian Eno kò fi pamọ́ pé Afrodisiac tí Fẹlá gbé jáde ní 1973 wà lára ohun tó darí wọn nígbà tí wọ́n ń ṣe Remain in Light fún ẹgbẹ́ Talking Heads ní 1980. Àwo yẹn sì jẹ́ òpó kan fún ohun tí gbogbo ayé wá ń pè ní alternative: ìlù tó ń yí ká, gìtá kéékèèké tó ń wọ inú ara wọn, ohùn tó ń sọ̀rọ̀ ju bó ti ń kọrin lọ. Tony Allen, tó kọ́ ìlù l'Ékòó tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé afrobeat dúró, ló jókòó sẹ́yìn ìlù nínú The Good, the Bad & the Queen ní 2007, pẹ̀lú Damon Albarn ti Blur àti Paul Simonon ti The Clash. Ẹ̀yin tí ẹ mọ rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ irú àga tí ìyẹn jẹ́. Bí ọmọ Èkó bá lè jókòó sí i, tí àwọn olórin méjèèjì yẹn sì ń tẹ̀ lé ìró rẹ̀, ẹ̀rù kò yẹ kó bà wá láti sọ pé a ní ìpín.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ka Thee Black Boltz sí pàtàkì jù nínú gbogbo àwọn àwo tuntun yìí. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí Túndé Adébímpé sí ní 1975, ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀, òun sì ni ohùn iwájú ẹgbẹ́ TV on the Radio tó dìde ní Brooklyn. Return to Cookie Mountain wọn ti ọdún 2006, tí David Bowie bá wọn kọrin nínú rẹ̀, àti Dear Science ti 2008 wà lára àwọn àwo rọ́ọ̀kì tí àwọn olùṣelámèyítọ́ yìn jù ní ọdún mẹ́wàá yẹn. Thee Black Boltz ni àwo àkọ́kọ́ tó dá nìkan gbé jáde. Sub Pop ló gbé e jáde, ilé iṣẹ́ Seattle kan náà tó gbé Bleach, àwo àkọ́kọ́ Nirvana, jáde ní 1989. Orin mọ́kànlá ni, kò sì gùn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló fi ṣí i, lẹ́yìn náà "Magnetic" bẹ́ jáde bí ẹni tí wọ́n lé. Nínú "Drop", ẹnu lásán ló fi ṣe ìlù kí àwọn ohun èlò tó wọlé. Ohun tí èyí rán etí mi létí ni pé láti ìgbà ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ti máa ń lo ohùn ènìyàn bí odindi ẹgbẹ́ onílù: "Ambulance" tí wọ́n gbé jáde ní 2004 fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ohun èlò kankan, ohùn lórí ohùn ni, ẹni kan ń lé, àwọn tó kù ń gbè. Nílé wa, lílé àti ègbè ni ìpìlẹ̀ orin, ẹni tó bá sì ti fi etí yẹn gbọ́ ọ yóò gbọ́ ohun tí àwọn olùṣelámèyítọ́ New York kò ní ọ̀rọ̀ fún.

Orin tó mú mi lọ́kàn jù nínú àwo náà ni "ILY". Àbúrò rẹ̀ obìnrin kú lójijì ní àwọn ọdún tó fi ń ṣe àwo yìí, orin náà sì jẹ́ tirẹ̀. Gìtá onígi kan tí ìka ń ta ni, ohùn kan, àti ìwọ̀nba ohun díẹ̀ lẹ́yìn wọn. Kò rojọ́ ikú, kò béèrè ìdí, kò wá ìtùnú lọ́dọ̀ olùgbọ́; olóògbé ló dojú kọ, òun ló ń bá sọ̀rọ̀. Àwa tí a mọ ìrèmọ̀jé àwọn ọdẹ mọ irú ìdúró yìí: a kì í sọ̀rọ̀ nípa òkú níwájú òkú, òkú gan-an ni a ń bá sọ̀rọ̀. N kò sọ pé Adébímpé jókòó ti àwọn ọdẹ láti kọ́ ọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé etí wa ní òṣùwọ̀n tí a lè fi wọn orin yìí, òṣùwọ̀n náà sì ga, orin náà sì dé ibẹ̀. Òṣùwọ̀n kan náà ló jẹ́ kí n rí àléébù àwo náà. "Somebody New" dára fún ijó, ṣùgbọ́n ìlù ẹ̀rọ rẹ̀ ń lọ gbọọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ràn àwọn ọdún 1980 ju bó ti fẹ́ràn olùgbọ́ rẹ̀ lọ. Ní orin mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú àwo náà, ìlù ti di ìránṣẹ́. Fún ọkùnrin tí orin àwọn baba rẹ̀ fi ìlù ṣe ẹnu, èyí jẹ́ àdánù, mo sì fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu wa kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu àjèjì.

A lè bi mí pé, yàtọ̀ sí orúkọ, kí ni Yorùbá nínú rẹ̀? Ó kọrin lédè Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà ni wọ́n sì bí i sí. N kò ní sọ ọ́ di oníjùjú. Àmọ́ BLO kọrin lédè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ìbejì Lijadu ń pààrọ̀ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì nínú àwo kan náà, kò sì sẹ́ni tó yọ orúkọ wọn kúrò nínú ìwé ilé. Èdè ṣe pàtàkì, mo sì fẹ́ kí èdè wa pọ̀ sí i nínú rọ́ọ̀kì. Ẹni tó fi bí ó ti ṣeé ṣe hàn kò jìnnà sí wa. Mdou Moctar, ẹni tó fi okùn bíréèkì kẹ̀kẹ́ ṣe okùn gìtá tó kọ́kọ́ kàn fún ara rẹ̀, èdè Tamasheq ló fi kọ Funeral for Justice láti orí dé ẹsẹ̀. Ó fi "Oh France" pe àwọn amúnisìn lẹ́jọ́, ó fi "Imouhar" bẹ àwọn ará rẹ̀ kí èdè wọn má parun, gìtá rẹ̀ sì yára ju ti ọ̀pọ̀ onígìtá tí mo mọ̀ lọ. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà gbàjọba ní Niamey ní oṣù Keje 2023, Amẹ́ríkà ni ẹgbẹ́ náà wà, wọn kò rọ́nà padà sílé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún gbogbo orin àwo yẹn kọ láì lo iná, wọ́n pè é ní Tears of Injustice, ó sì jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Ẹ gbọ́ méjèèjì tẹ̀ léra wọn. Ibi tí iná ti jẹ́ ìbínú nínú ti àkọ́kọ́, àárò ilé ló kù nínú ìkejì. Ní Lomé, ẹgbẹ́ Arka'n Asrafokor ń da ìlù àti èdè Ewe pọ̀ mọ́ rọ́ọ̀kì líle tó ń mi ilẹ̀, wọ́n sì gbé Dzikkuh jáde ní 2024. Bí Ewe àti Tamasheq bá lè gba gìtá oníná láìyí ahọ́n padà, Yorùbá tó ní ohùn mẹ́ta lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lórí Obongjayar àti Burna Boy, n kò ní pẹ́. Ohùn Obongjayar dà bí ẹni méjì nínú ọ̀fun kan, ọ̀kan ha, ọ̀kan tinrín, Paradise Now sì ni ibi tí àwọn méjèèjì ti kọ́ láti máa dúró de ara wọn. Kò sí ẹ̀yà tó gbà á tán, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń to àwo sí ìsọ̀rí fi máa ń jù ú sí alternative. Ti Burna Boy, ẹni tí bàbá ìyá rẹ̀, Benson Idonije, jẹ́ alábòójútó àkọ́kọ́ fún Fẹlá, "Empty Chairs" tí Mick Jagger bá a kọ ṣe pàtàkì fún ohun tó dúró fún ju ohun tó jẹ́ lọ. Mo fẹ́ kí gìtá inú rẹ̀ ní ìgboyà jù bẹ́ẹ̀, kí Jagger náà rí ibi fi eyín sí. Síbẹ̀, ẹ wo bí ayé ti yí: ní 1973, olórin òyìnbó ló wá gba àwo sílẹ̀ ní Àpápá tí Fẹlá sì ń fura sí i, ní 2025, ọmọ Port Harcourt ló ni àwo, olórin òyìnbó ló wọlé bí àlejò.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni owó, àwọn tó sì mọ ìlú yìí dáadáa kò ní jẹ́ kí n sá fún un. Wọ́n á ní kò sí ẹni tí yóò san owó wọlé wo ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ní Port Harcourt nígbà tí ẹnì kan pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lè fi afrobeats kún gbọ̀ngán. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n ọjà ohun tí a kò tíì gbọ́ kò ṣeé wọ̀n. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta àwọn àwo 1970 wa lónìí, òkè òkun ni wọ́n wà: Soundway ní London gbé Nigeria Rock Special jáde ní 2008, Now-Again ní Los Angeles sì gbé ìdìpọ̀ méjì Wake Up You! jáde ní 2016, pẹ̀lú ìtàn tí Uchenna Ikonne kọ sí i, ọmọ Nàìjíríà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá àwọn olórin àtijọ́ náà kiri. Àwọn àjèjì ń sanwó fún Wings àti Funkees. Ọmọ Aba tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí kò gbọ́ orúkọ wọn rí. Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò wọ́n. Kí ilé iṣẹ́ rédíò kan ní ìlú yìí yọ wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀, kó máa to àwọn àwo àtijọ́ àti tuntun tẹ̀ léra: "Akula Owu Onyeara", kí "Magnetic" tẹ̀ lé e; BLO, kí Mdou Moctar tẹ̀ lé wọn. Kí Yunifásítì Port Harcourt gba ẹ̀dà wọn sí ibi ìkàwé rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ orin lè gbọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ṣì ní àwọn àwo kéékèèké àwọn ọdún 1970 yẹn nínú àpótí nílé, àwọn oníṣòwò àwo àtijọ́ ń wá a kiri láti gbé e lọ sókè òkun. Bí ẹ bá máa tà á fún wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ọ̀dọ́ kan gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, kí ó sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ẹ bá rántí pé ó ta gìtá nínú rẹ̀.